Dídúró gbọn-in sátẹ́láìtì àti wíwọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láti wá pílánẹ́ẹ̀tì: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé léraléra

Kí ni à ń wọ̀n gan-an?

À ń wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan náà láìdáwọ́ dúró, fún ọjọ́ tàbí oṣù, títí a ó fi rí i pé ó dínkù díẹ̀, ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ó sì padà sípò. Tí ìdínkù yẹn bá ń padà wá ní ìwọ̀n àkókò kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ló ń gba iwájú ìràwọ̀ náà kọjá. Ìkọjá ni a ó máa pè é níbí.

Fífẹ̀ ló ń pinnu bí ìdínkù náà ṣe pọ̀ tó: ẹ fi fífẹ̀ ìràwọ̀ pín fífẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀. Júpítà níwájú Oòrùn á bo nǹkan bí 1% ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ayé wa á bo 0.0084% péré. Torí pé iye wọ̀nyí kéré, ìdá nínú mílíọ̀nù kan ni a fi ń kà wọ́n, a sì ń kọ ọ́ ní ppm. 1% jẹ́ 10,000 ppm. Ti Ayé níwájú Oòrùn jẹ́ 84 ppm. Bí ìràwọ̀ bá kéré, iṣẹ́ á rọrùn: Ayé kan náà níwájú ìràwọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún ti Oòrùn á bo nǹkan bí 2,100 ppm.

Ṣé gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá lójú wa?

Rárá. Ọ̀nà ìyípo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúbúlẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Fún pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀ bí Ayé ṣe jìnnà sí Oòrùn, nǹkan bí 0.5% ni àǹfààní yẹn. Fún èyí tó lẹ̀ mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ó lè tó 10%. Ìdí nìyẹn tí Kepler, sátẹ́láìtì tí NASA fi wá pílánẹ́ẹ̀tì, fi tẹjú mọ́ ìràwọ̀ tó lé ní 150,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí a kò kúkú wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀?

Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀, àmọ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ló rọrùn jù fún wọn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìkọjá pílánẹ́ẹ̀tì HD 209458 b ní 1999. Afẹ́fẹ́ tó bo ayé kì í dúró sójú kan. Òun ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú, ó sì sábà máa ń jẹ́ kí ìwọ̀n tó dára láti ilẹ̀ dúró sí nǹkan bí 1,000 ppm. Ilẹ̀ tún máa ń mọ́: ìkọjá tó gba wákàtí 13 kò lè wọ inú òru kan ṣoṣo.

Ṣé kíkọjú síbi tó tọ́ àti dídúró gbọn-in kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Kíkọjú síbi tó tọ́ ni pé kí àárín awò (ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn) bọ́ sórí ìràwọ̀ tí a fẹ́. Dídúró gbọn-in ni pé, ibi yòówù tí ìràwọ̀ náà bá bọ́ sí lójú kámẹ́rà, kó má kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Sátẹ́láìtì tó tàsé díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mira, tí ìràwọ̀ ṣì wà nínú àwòrán rẹ̀, á ṣe iṣẹ́ tó dára. Èyí tó kọjú síbi tó tọ́ gẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí kò dúró jẹ́ á ba dátà jẹ́.

Ààkì-sẹ́kọ́ǹdì, ìdá kékeré nínú dígírì, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Dígírì kan ní 3,600 ààkì-sẹ́kọ́ǹdì. Ẹyọ kan dà bí ìgbà tí a bá wo nǹkan tó fẹ̀ ní mìlímítà 5 láti kìlómítà kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí nìkan kò sọ nǹkan púpọ̀. Iye píkísẹ̀lì (àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń ka ìmọ́lẹ̀ lójú kámẹ́rà) tí ìràwọ̀ fi ṣípò ló ń ba ìwọ̀n jẹ́. Ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 1 jẹ́ nǹkan bí odindi píkísẹ̀lì kan lójú kámẹ́rà CHEOPS, sátẹ́láìtì kan ti Yúróòpù, ìdá mẹ́rin píkísẹ̀lì lórí Kepler, àti ìdá 21 péré lórí TESS, sátẹ́láìtì mìíràn ti NASA.

Ìràwọ̀ ṣì wà nínú àwòrán. Kí ló kàn mí bó bá ṣípò díẹ̀?

Ìdí ni pé àwọn píkísẹ̀lì kò dọ́gba. Ẹ da ìmọ́lẹ̀ kan náà sórí píkísẹ̀lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iye tí wọn yóò kà lè fi nǹkan bí 1% yàtọ̀. Bí ìràwọ̀ bá kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, iye tí a kà á yí padà, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ kò ṣe nǹkan kan. A máa ń ya àwòrán ibi tó tàn dọ́gbandọ́gba láti fi ṣàtúnṣe, àmọ́ kì í pa gbogbo ìyàtọ̀ rẹ́.

Ìṣirò kékeré kan wà tó wúlò ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ká ní àwòrán ìràwọ̀ rí rìbìtì tó ń ṣá láti àárín jáde bíi ti Gauss. Ẹ pe ìyàtọ̀ àárín píkísẹ̀lì ní p, iye píkísẹ̀lì tí ìràwọ̀ ṣí ní d, àti sigma àwòrán náà (ìwọ̀n bó ṣe fẹ̀ tó), tí a fi píkísẹ̀lì kà, ní s. Ìdàrú tí yóò bọ́ sínú ìwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi p × d ÷ (5 × s²). Tí p bá jẹ́ 1%, d jẹ́ 0.1, s jẹ́ 1, ìdàrú náà jẹ́ 200 ppm: Ayé ti sọnù nínú rẹ̀ pátápátá. Tí àtúnṣe bá mú p wá sí 0.1%, ó di 20 ppm. Tí s bá tún di 3, ó já sí nǹkan bíi 2 ppm. Ẹ kíyè sí s²: fífẹ àwòrán lójú ló ń gbani jù. Ìṣirò yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí s bá kéré sí 1.

Ohun tó tún burú tí s bá kéré ni pé inú píkísẹ̀lì kan ṣoṣo pàápàá kò dọ́gba. Àárín rẹ̀ sábà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Awò Spitzer, tí NASA fi ránṣẹ́ sókè, jìyà èyí gan-an. Ìgbọ̀n tí kò tó píkísẹ̀lì kan ń mú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lọ sókè-sódò ju ìkọjá tí wọ́n ń wá lọ, débi pé wọ́n ní láti máa gbé ìràwọ̀ sórí ibì kan pàtó nínú píkísẹ̀lì kan tí wọ́n ti mọ ìwà rẹ̀.

Nǹkan méjì tún kù. Àgbègbè píkísẹ̀lì tí a ń ṣàròpọ̀ rẹ̀ ní etí: bí ìràwọ̀ bá sún, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dà sóde. Ìràwọ̀ aládùúgbò náà lè yọ́ wọlé.

Fótọ́ọ̀nù mélòó ni mo nílò?

Fótọ́ọ̀nù ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan. Tí fótọ́ọ̀nù N bá wọlé, ìdàrú tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ √N. Láti dé 100 ppm, ẹ nílò mílíọ̀nù 100. Láti dé 10 ppm, ẹ nílò bílíọ̀nù 10. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ péye ní ìlọ́po mẹ́wàá ní láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kò sí sọ́fítíwíà tó lè yí ìyẹn padà.

Píkísẹ̀lì kan kì í lè gbà púpọ̀ kó tó kún. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí fótọ́ọ̀nù ń tú sílẹ̀ nínú píkísẹ̀lì ni a ń kà: ti Kepler lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò ju 100,000 sí 200,000 lọ. Bílíọ̀nù 10 pín sí 100,000 jẹ́ píkísẹ̀lì 100,000 tó kún dẹ́múdẹ́mú. Àfi kí ẹ pín in sórí ọ̀pọ̀ píkísẹ̀lì nínú ọ̀pọ̀ àwòrán. Ìdí rèé tí awò kékeré fi ń bá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ rìn: ẹnu awò Kepler fẹ̀ ní mítà 0.95, ti CHEOPS ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ti kámẹ́rà TESS kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 10.5.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwòrán wọn ṣe bàìbàì?

Ẹ padà sí s² tó wà lókè. CHEOPS, tí ESA (àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù) àti Switzerland fi ránṣẹ́ ní 18 Oṣù Kejìlá 2019, ń tan ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan káàkiri ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún píkísẹ̀lì. Àwọn sátẹ́láìtì kékeré BRITE náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì MOST ti Kánádà, tó gòkè ní 2003, gba ọ̀nà mìíràn: lẹ́ńsì kan nínú rẹ̀ ń ju àwòrán ẹnu awò fúnra rẹ̀ sórí CCD (ojú kámẹ́rà tí àwọn píkísẹ̀lì wà lórí rẹ̀), kì í ṣe àwòrán ìràwọ̀. Bí sátẹ́láìtì bá gbọ̀n, ìràwọ̀ á mì, àmọ́ àwòrán ẹnu awò kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan.

Owó rẹ̀ wà níbẹ̀ láti san. Kíka píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń fi ìdàrú tirẹ̀ kún un. Ká ní ó jẹ́ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù 10 fún píkísẹ̀lì kan. Píkísẹ̀lì 1,000 á mú nǹkan bí 316 wá. Ìràwọ̀ tó ń fún wa ní mílíọ̀nù 10 ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú àwòrán kan ti ní ìdàrú 3,162 tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, 316 kò tu irun kan lára rẹ̀. Èyí tó ń fúnni ní 100,000 ní 316 tirẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi 316 mìíràn kún un. Lójú tiwa, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ nìkan ló yẹ kí èèyàn máa fẹ̀ lójú báyìí. Bí ìràwọ̀ bá pọ̀ jọ níbẹ̀, ẹ má dán an wò rárá: àwòrán wọn á gorí ara wọn.

Kí ló ń mú sátẹ́láìtì dúró gbọn-in?

Wíìlì ìdarí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí mọ́tò ń yí nínú rẹ̀. Bí wíìlì bá yára sí ọ̀tún, ara sátẹ́láìtì á rọra yí sí òsì. Kámẹ́rà atọ́nà ń wo àwọn ìràwọ̀, ó ń fi wọ́n wé àkójọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ibi tí a kọjú sí. Jáírò, ẹ̀rọ tó ń mọ bí sátẹ́láìtì ṣe ń yí, ń dí àlàfo tó wà láàárín ìwò kan sí èkejì. Wíìlì mẹ́ta tó, ẹ̀kẹrin wà fún ìgbà tí ọ̀kan bá bàjẹ́.

Kámẹ́rà atọ́nà tó dá dúró ní àbùkù kan: ibòmíràn lára sátẹ́láìtì ni wọ́n dè é mọ́. Ooru á tẹ irin tó wà láàárín òun àti awò, kámẹ́rà atọ́nà á ní a kò mira, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ á máa rìn lọ lójú CCD. Ohun tó dára jù ni kí ojú tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tọ́ sátẹ́láìtì sọ́nà. Kepler ní CCD atọ́nà mẹ́rin ní igun pátákó kan náà tí CCD 42 tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà. TESS ń fi kámẹ́rà rẹ̀ gan-an tọ́ ara rẹ̀. CHEOPS ń fi ipò ìràwọ̀ tó ń wọ̀n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìdarí. Nínú kámẹ́rà 26 tí wọ́n ṣètò fún sátẹ́láìtì PLATO ti ESA, méjì tó yára ju ìyókù ló wà fún èyí.

Kò sí afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Kí ló wá ń tì í?

Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn fúnra rẹ̀. Ní ibi tí Ayé wà, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ara nǹkan dúdú ń tì í pẹ̀lú nǹkan bíi 4.5 máíkírò-Newton lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ká ní sátẹ́láìtì fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin 10, tí àárín ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń tì sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 yàtọ̀ sí àárín ìwúwo rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wíìlì á ti gba nǹkan bíi 0.39 N·m·s (ìwọ̀n agbára yíyí tó kó jọ sínú rẹ̀). Wíìlì tó lè gba 4 N·m·s á kún láàárín ọjọ́ mẹ́wàá: á ti yára dé góńgó, kò ní lè fa nǹkan mọ́.

Nígbà náà a ní láti tú u. Nítòsí ayé, ọ̀pá òòfà oníná ń fi agbára òòfà ayé tú u díẹ̀díẹ̀, láìdá iṣẹ́ dúró. Níbi tó jìnnà, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń tu gáàsì ló kù, ìyẹn sì máa ń ta sátẹ́láìtì nù díẹ̀. Nínú dátà TESS, ẹ ó rí ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan síra. Àmì wà lára àwọn ìwọ̀n náà tó ń fi hàn. Ìdínkù yòówù tó bá bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí i. Nítòsí ayé, afẹ́fẹ́ tó kù, òòfilẹ̀ (agbára tó ń fa nǹkan wá sílẹ̀) tó ń fa apá kan ju èkejì lọ, àti òòfà ayé náà ń ti sátẹ́láìtì.

Gbígbọ̀n kíákíá àti ṣíṣípò díẹ̀díẹ̀, èwo ló burú jù?

Ṣíṣípò díẹ̀díẹ̀, láìsí àríyànjiyàn. Wíìlì tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan tí kò dọ́gba dáadáa á mú kí awò gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí àwòrán kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ìgbọ̀n ọgọ́rùn-ún ló ti parapọ̀ sínú rẹ̀. Àwòrán á fẹ̀ sí i díẹ̀, á sì máa fẹ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Kò fi bẹ́ẹ̀ dun ìwọ̀n.

Èyí tó ń gba wákàtí mẹ́ta, mẹ́fà tàbí mẹ́wàá ló ń pani lára, nítorí pé ìwọ̀n àkókò tí ìkọjá ń gbà gan-an nìyẹn. Ìdàrú tó bá yára, àròpọ̀ á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìdàrú tó bá falẹ̀ gan-an, tó ń gba ọ̀sẹ̀, a lè fà á tọ́. Èyí tó bọ́ sáàárín kò ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì, àfi tí a bá mọ ibi tí ìràwọ̀ wà lójú CCD ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Kepler nígbà tí wíìlì rẹ̀ bàjẹ́?

Kepler gòkè ní Oṣù Kẹta 2009 pẹ̀lú wíìlì mẹ́rin. Ọ̀kan kú ní Oṣù Keje 2012, òmíràn ní Oṣù Karùn-ún 2013. Wíìlì méjì kò lè di ìhà mẹ́ta mú. Ìhà kẹta, yíyí nídìí ìlà tí awò ń wò, kò ní olùtọ́jú mọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n kọjú awò sí ọ̀gangan ọ̀nà ìyípo sátẹ́láìtì náà, kí ìmọ́lẹ̀ Oòrùn lè bà á lọ́gbọọgba ní apá méjèèjì. Ohun tó ń tì í tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń gbé e ró. Ìdọ́gba yìí kì í pẹ́, torí náà ẹ́ńjìnnì kékeré ń dá a padà ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Oòrùn ń yí ipò padà, nítorí náà wọn kò lè wo ibì kan ju nǹkan bí ọjọ́ 80 lọ. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n pè ní K2, láti 2014 títí epo fi tán ní 2018.

Ìràwọ̀ tó wà ní etí àwòrán ń rìn tó nǹkan bíi píkísẹ̀lì kan, ó sì ń fò padà. Ohun tó gbà á là ni pé ó ń tọ ipasẹ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà. Ní 2014, Andrew Vanderburg àti John Johnson fi hàn pé èèyàn lè fi ipasẹ̀ yẹn wọn àìdọ́gba píkísẹ̀lì láti inú dátà fúnra rẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ kúrò. Ìṣípò tó ń padà síbi kan náà ṣeé tún ṣe. Èyí tó ń gba ibi tuntun lójoojúmọ́ ni ìyọnu.

Ṣé sátẹ́láìtì tó kéré bí àpótí lè ṣe é?

Ó ti ṣe é. ASTERIA, tí yunifásítì MIT àti JPL, ilé iṣẹ́ ìwádìí NASA, ṣe, kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 × 20 × 30 lọ. Wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó òfurufú ISS ní Oṣù Kọkànlá 2017. Ó rí ìkọjá 55 Cancri e, pílánẹ́ẹ̀tì tí ìdínkù rẹ̀ kò tó 400 ppm, tí a sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ ní Oṣù Kejìlá 2019.

Ìpele méjì ló fi dúró. Wíìlì ìdarí mú ara rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, pèpéle kékeré kan tí iná mànàmáná ń ṣún ń gbé ojú kámẹ́rà tẹ̀ lé ìràwọ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣípò tó ṣẹ́kù jẹ́ nǹkan bíi 0.5 ààkì-sẹ́kọ́ǹdì fún ogún ìṣẹ́jú. Píkísẹ̀lì rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 16, torí náà ìṣípò yẹn jẹ́ 0.03 píkísẹ̀lì. Wọ́n tún di ìwọ̀n ooru ojú kámẹ́rà mú láàárín 0.01 K (ìyàtọ̀ 1 K bá ti 1 °C dọ́gba), èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń yìn ín.

Kí ni ìwọ̀n ooru ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀?

Ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé pọ̀. Sílíkọ́nì tó gbóná díẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa ju èyí tó tutù lọ. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ara awò ń nà, ó ń sún kì, àwòrán á fẹ̀, á tún kó jọ, a ó sì rí i bí ẹni pé ìràwọ̀ ló ń yí padà. CHEOPS ń mú kí CCD rẹ̀ tutù gan-an, kò sì gbà kí ìwọ̀n ooru rẹ̀ yàtọ̀ ju nǹkan bíi 0.01 K.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ amúǹkangbóná tó ń tàn, tó ń kú. Ti bátìrì Spitzer ń tàn, ó ń kú ní nǹkan bíi wákàtí kan, awò náà sì ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ní 2010 wọ́n dín àlàfo ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ náà fi ń tàn tó fi ń kú kù, ìgbọ̀n náà dínkù sí nǹkan bí ìdajì, ó sì yára sí bí ìṣẹ́jú 40. Ìlànà tiwa: kí ẹ̀rọ amúǹkangbóná máa rọra pọ̀, máa rọra dínkù, kó má ṣe jẹ́ tàn-kú, tàn-kú. Tí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, kó yára gan-an, kí àkókò rẹ̀ jìnnà sí ti ìkọjá.

Kí ni ìṣòro sátẹ́láìtì tó ń yípo nítòsí ayé?

CHEOPS ń yí ayé ká ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 99. Fún apá kan nínú rẹ̀, ayé lè dí ìràwọ̀ mọ́ ọn lójú, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ayé yọ́ wọ inú awò. Sátẹ́láìtì tó bá tún kọjá lókè Gúúsù Àtìláńtíìkì àti Brazil á bọ́ sínú èérún oníná tó pọ̀, àwòrán á kún fún àmì funfun, a ó sì da dátà ibẹ̀ nù. Ìkọjá wákàtí mẹ́ta lè ní ihò méjì nínú, ihò sì fẹ́ràn kó bọ́ sórí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọjá.

Ohun kan tí wọ́n máa ń gbójú fò ni ìyára sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀. Ní kìlómítà 7.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ipò tí a rí ìràwọ̀ sí ń yẹ̀ ní nǹkan bí ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 5 síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwíà kámẹ́rà atọ́nà gbọ́dọ̀ mọ èyí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìràwọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ ní ìṣẹ́jú 99-99, ẹ ó sì máa wá wíìlì tó bàjẹ́ níbi tí wíìlì kankan kò ti bàjẹ́. TESS yẹra fún púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀nà ìyípo gígùn tó gba ọjọ́ 13.7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ Ayé àti ti Òṣùpá ṣì ń bà á nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni a ṣe ń yọ ipa ìṣípò kúrò nínú dátà?

Ẹ kọ́kọ́ wá àárín ìràwọ̀, x àti y, nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ da àwọn ìgbà tí wọ́n tú wíìlì tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ayé wọlé nù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí pé ìwọ̀n burúkú mẹ́wàá lè fa ìlà tí ẹ ń wá wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bo ibi tí ẹ rò pé ìkọjá wà. Ẹ wá fi ìyókù wá ìbátan láàárín ìmọ́lẹ̀ àti x, y, fífẹ̀ àwòrán, ìwọ̀n ooru àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ yọ ìbátan náà kúrò nínú gbogbo dátà, pẹ̀lú ibi tí ẹ bò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà tààrà. Kí ẹ tó fi ohun kan kún un, ẹ wò ó bóyá ó dín ìdàrú kù lóòótọ́ nínú dátà tí ẹ kò lò láti fi kọ́ ọ. Ọ̀nà mìíràn tó dára ni láti wo ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìràwọ̀ aládùúgbò ń ṣe papọ̀: ohun tí gbogbo wọn bá jọ ṣe, ti sátẹ́láìtì ni.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé n kò fọ pílánẹ́ẹ̀tì dànù mọ́ ìdàrú?

Ẹ fi ìkọjá èké sínú dátà tútù, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sí oríṣiríṣi àkókò, pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ tí ẹ mọ̀, bíi 100, 200 àti 500 ppm. Ẹ fọ dátà náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ wo iye tó jáde. Tí 200 ppm bá wọlé tí 140 sì jáde, ẹ̀rọ ìfọ̀ yín ń jẹ 30% ìkọjá náà, gbogbo fífẹ̀ tí ẹ bá sì tẹ̀ jáde á kéré ju òtítọ́ lọ. Dátà tó mọ́ ju bí √N ṣe gbà lọ kì í ṣe ohun ìyangàn. Àmì pé a ti fọ̀ ọ́ jù ni.

Ìkọjá mélòó ni mo gbọ́dọ̀ rí?

Ó kéré tán mẹ́ta ni iṣẹ́ Kepler béèrè, àpapọ̀ agbára wọn sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 7.1 ìdàrú. Ẹ wo ohun tí ìyẹn fà. Wọ́n ṣètò Kepler kí ìdàrú rẹ̀ jẹ́ 20 ppm nínú wákàtí 6.5 fún ìràwọ̀ tó dà bí Oòrùn ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 12. Nínú ìkọjá wákàtí 13, ó di 14 ppm. 84 ÷ 14 jẹ́ nǹkan bí 6, ìkọjá mẹ́ta á sì fúnni ní nǹkan bí 10. Ó kọjá ààlà dáadáa.

Àmọ́ iye tó jáde sún mọ́ 30 ppm, ní pàtàkì nítorí pé ìràwọ̀ fúnra wọn kì í dúró jẹ́ẹ́ tó bí a ṣe rò. Ìyẹn jẹ́ 21 ppm nínú wákàtí 13. Ìkọjá kan á fún wa ní nǹkan bí 4, mẹ́ta á fún wa ní 6.9. Wọn kò dé 7.1, mẹ́rin ló máa gbé e dé nǹkan bíi 8, ọdún mẹ́rin sì nìyẹn.

Ìdínkù náà dájú, ó sì ń padà wá. Ṣé pílánẹ́ẹ̀tì ni?

Kò tíì di bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká, tí wọ́n wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ yín, lè ṣe irú rẹ̀. Lójú TESS, píkísẹ̀lì kan fẹ̀ ní ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 21, aládùúgbò sì lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ibí ni dídúró gbọn-in ti wúlò lẹ́ẹ̀kejì: ẹ wọn àárín ìmọ́lẹ̀ nígbà ìkọjá àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí àárín náà bá ń sún nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dínkù, ìràwọ̀ mìíràn ló ń dínkù. Ẹ tún fi ìkọjá kìíní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún wé ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Tí ìjìnlẹ̀ wọn bá yàtọ̀, ìràwọ̀ méjì ló ń dí ara wọn.

Aago wo ni kí n lò?

BJD ní ìwọ̀n TDB, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ẹ lò. BJD ń ka àkókò bí ẹni pé a wà ní àárín ìwúwo Oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. TDB ni aago tó ń lọ déédéé tí a fi ń kà á, UTC sì ni aago tí gbogbo ayé ń lò. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 8.3 láti Oòrùn dé Ayé. Bí ẹ kò bá ṣàtúnṣe rẹ̀, àkókò ìkọjá lè fi tó ìṣẹ́jú 16 yàtọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. TDB tún fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 69 ṣíwájú UTC láti 2017. Ọ̀pọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì kejì tí àwọn kan rò pé ó ń fa èkíní síwá-sẹ́yìn, aago ni.

Nọ́ńbà wo ni kí n kọ sínú ìlànà sátẹ́láìtì tuntun?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààkì-sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ppm tí ẹ lè fún ìṣípò nìkan, lẹ́yìn tí fótọ́ọ̀nù, kíka píkísẹ̀lì, ooru àti ìmọ́lẹ̀ tó yọ́ wọlé bá ti gba tiwọn. Ká ní ẹ fún un ní 10 ppm, tí àìdọ́gba píkísẹ̀lì tó kù lẹ́yìn àtúnṣe jẹ́ 0.5%, tí s sì jẹ́ 3. Píkísẹ̀lì kan tí ìràwọ̀ bá ṣí á mú nǹkan bíi 111 ppm wá, nítorí náà 0.09 píkísẹ̀lì ni ààlà yín. Lójú píkísẹ̀lì tó fẹ̀ ní ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 15, ìyẹn jẹ́ 1.35, wíìlì tó dára àti kámẹ́rà atọ́nà lè gbé e. Lójú píkísẹ̀lì ààkì-sẹ́kọ́ǹdì 1, ó di 0.09, ẹ ó sì nílò pèpéle tó ń ṣún ojú kámẹ́rà, tàbí kí ẹ fẹ àwòrán lójú sí i.

Ẹ kọ ìwọ̀n àkókò mọ́ ọn nígbà gbogbo. «0.09 píkísẹ̀lì» nìkan kò ní ìtumọ̀. Ẹ sọ pé 0.09 láàárín wákàtí kan sí wákàtí 13, lẹ́yìn tí a bá ti ṣàròpọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Fún ohun tó yára ju ìyẹn lọ, ẹ kọ nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó lè tóbi ju èkíní lọ dáadáa. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń ṣe wíìlì á ná owó lórí ìgbọ̀n tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, wọn á sì fi ti wákàtí mẹ́fà sílẹ̀.